ÌGBÌMỌ̀ ARÁ ÌLÚ TÍ KÒ JÓKÒÓ: ÌTÀN ÌBÒ BỌ́MÀ TI ỌDÚN 1990

Bí ènìyàn bá ń gbé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ó ṣe é ṣe kí ó máa dárúkọ àwọn ìlú Bọ́mà lójoojúmọ́ kí ó má sì mọ̀. Arakan tí ó wà ní Àpápá, Myohaung tí ó wà ní Yábàá, Letmauk tí ó wà ní Mọ́kọ́lá, orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a fi sọ àwọn bárékè wọ̀nyí. Dodan náà kò yàtọ̀. Ibì kan ní Bọ́mà ni Dodan, àwọn ọmọ Nàìjíríà jà níbẹ̀, a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè tí ó wà ní Ìkòyí. Láti inú bárékè yìí ni àwọn olórí ìjọba ológun ti ń pàṣẹ fún Nàìjíríà kí ìjọba tó kó lọ sí Àbújá ní ọdún 1991. Àwọn àgbà tí ó ti Bọ́mà bọ̀ kì í sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Òjò, ẹ̀fọn, òkè tí kò lópin, àti àwọn ará Jàpáànì tí a kì í rí kí ìbọn wọn tó dún: èyí ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn onílẹ̀ lẹ́yìn tí ogun tán, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n, àwọn náà kò sì dúró wò ó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìtàn àwọn onílẹ̀ náà. Ní ọdún 1990, ìjọba ológun Bọ́mà ṣètò ìdìbò fúnra rẹ̀, ó ka ìbò náà fúnra rẹ̀, ó kéde àwọn tí ó wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ̀ láti pè wọ́n jókòó. Ogún ọdún ni àwọn tí a yàn fi ń kọ̀wé, tí wọ́n ń dá ọjọ́, tí wọ́n ń wọ ẹ̀wọ̀n, nítorí gbólóhùn kan: ẹ pe ìgbìmọ̀ jókòó. Àwa tí a mọ ohun tí à ń pè ní Júùnù 12 ní ìdí púpọ̀ láti tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti onílé kí a tó mú tiwa wá.

Hluttaw ni àwọn ará Bọ́mà ń pe ìgbìmọ̀. Nígbà ayé àwọn ọba wọn, Hluttaw ni àjọ àwọn ìjòyè ńlá tí ń bá ọba tún ìlú ṣe, tí ẹjọ́ ńlá ń dé iwájú wọn, tí àṣẹ ọba sì ń gba ọwọ́ wọn kọjá sí ìgbèríko. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n wé Ọ̀yọ́ Mèsì kò ní í jìnnà sí òtítọ́ pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá fún Aláàfin kí ó ṣí i wò, tí àwọn ìjòyè Hluttaw kò sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀: ọba ni ó ń fi wọ́n joyè, ọba náà ni ó sì lè yọ wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Bọ́mà jagun lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1824, ní 1852 àti ní 1885. Ní ìgbà kẹta ni wọ́n mú Ọba Thibaw, wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Hluttaw bá a lọ. Nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí ni wọ́n tún gbé jáde fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Wọ́n fi Pyithu ṣáájú rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ará ìlú. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn kan a máa sọ pé ohun àjèjì tí òyìnbó gbé sílẹ̀ lọ ni ìgbìmọ̀ aṣòfin jẹ́ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ọba ni ó di ti ìgbìmọ̀ ará ìlú, àwọn ará Bọ́mà fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ọ́.

Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira kò fara rọ. Aung San, tí wọ́n ń pè ní baba òmìnira, ni wọ́n ti yìnbọn pa ní oṣù keje ọdún 1947 pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọba. Àwọn Karen gbé ìbọn, àwọn Kọ́múníìsì náà gbé tiwọn. Ní ọdún 1958, U Nu tí ó jẹ́ olórí ìjọba rí i pé ẹgbẹ́ òun ti ya sí méjì, ó sì ní kí Ọ̀gágun Ne Win wá bá òun di ìjọba mú fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà náà di nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Síbẹ̀, Ne Win ṣètò ìdìbò ní 1960, U Nu wọlé, ìgbìmọ̀ jókòó, sójà padà sí bárékè. A kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Àwọn ará Bọ́mà tí ó dìbò ní 1990 ti rí i rí pé sójà lè ṣètò ìbò kí ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ tí wọ́n fi gbàgbọ́. Àmọ́ wọ́n tún ti rí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1962, ọwọ́ tí ó fi ìjọba lélẹ̀ ni ó padà wá gbà á. Ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ne Win lò. Bí mo bá ní kí n ròyìn gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú. N óò mú ọ̀kan péré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, láìsí ìkìlọ̀ kankan, ìjọba kéde pé owó bébà kyat 25, 35 àti 75 kì í ṣe owó mọ́, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní pààrọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fi owó ìrẹsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn jí ní ọjọ́ kejì, ó di aláìní. Owó tuntun tí wọ́n gbé jáde jẹ́ kyat 45 àti kyat 90, nítorí pé Ne Win gbà pé ẹẹ́sàn-án ni nọ́ńbà oríire òun. Kí ọdún náà tó parí, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé kọ orúkọ Bọ́mà mọ́ ti àwọn ilẹ̀ tí ó tòṣì jù láyé, ilẹ̀ tí ó ti ń ta ìrẹsì fún gbogbo Éṣíà rí.

Ìjà kékeré kan ní ilé tíì ní oṣù kẹta ọdún 1988 ni ó tanná ran koríko gbígbẹ. Ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yókù jáde, wọ́n tún pa àwọn náà. Ne Win fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje, ó sì kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ pé bí sójà bá yìnbọn, kì í yìn ín sókè. Ní ọjọ́ 8 oṣù 8 ọdún 88, gbogbo Rangoon jáde. Òṣìṣẹ́ èbúté, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, mọ́ńkì, gbogbo wọn ni ó wà lójú pópó. A sì rí i pé òtítọ́ ni Ne Win sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, Ọ̀gágun Saw Maung gba ìjọba. Òun àti àwọn ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń fi SLORC pè, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá òfin àti ètò padà sí ìlú. Wọ́n ṣèlérí ìdìbò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀. Saw Maung sọ pé lẹ́yìn ìbò, sójà yóò padà sí bárékè.

Ó ṣòro láti mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn àwọn ọ̀gágun wọ̀nyí. Èrò tèmi ni pé wọn kò rò pé ẹnì kan yóò wọlé pátápátá. Ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni ó du ìbò náà. Ẹni tí ó bá wo irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìbò yóò fọ́n ká bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ ya, tí àwọn sójà yóò sì máa ti ọwọ́ kan bọ òmíràn nínú ìgbìmọ̀ tí kò ní olórí. Wọ́n sì ti ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó kù. Aung San Suu Kyi, ọmọ Aung San, tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wálé ní 1988 láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá, ni ó ti di ojú ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí NLD. Wọ́n há a mọ́ ilé ní oṣù keje ọdún 1989. Wọ́n mú Tin Oo, alága ẹgbẹ́ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun rí. Èyí ni pé nígbà tí ọjọ́ ìbò máa fi dé, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kò sí nílé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1990, wọ́n dìbò fún àga 485. NLD gba 392 nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Shan gba 23. Ẹgbẹ́ NUP tí ó jẹ́ àrólé ẹgbẹ́ Ne Win gba mẹ́wàá péré. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé ètò ìdìbò tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ẹni tí ó bá ṣíwájú nínú ẹkùn kan yóò kó gbogbo rẹ̀, ni ó sọ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìbò di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àga. NUP ní ju ìdá kan nínú márùn-ún ìbò lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe òfin náà? Àwọn sójà ni. Bí àbùkù bá sì wà nínú rẹ̀, wọn kò sọ ọ́ kí ìbò tó jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà gan-an nìyí. Lẹ́yìn ìbò, ìjọba ológun dákẹ́ fún oṣù méjì. Ìgbìmọ̀ ìdìbò ní òun ṣì ń yẹ èsì wò, òun ṣì ń gba ìṣirò owó tí olúkúlùkù ná. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, SLORC gbé ìkéde rẹ̀ tí wọ́n kà sí nọ́ńbà 1/90 jáde. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àṣẹ ológun ni ìjọba fi ń ṣèlú, pé òfin ìpìlẹ̀ kankan kò de òun, àti pé iṣẹ́ àwọn tí a dìbò yàn kò ju kí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun lọ. Lọ́rọ̀ kan, ohun tí ẹ dìbò fún kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ẹ dìbò fún.

Àwọn onímọ̀ ìtàn kan wà tí wọ́n gbe ìjọba lẹ́yìn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a gbójú fo àwíjàre wọn. Wọ́n ní ní oṣù díẹ̀ kí ìbò tó wáyé, àwọn ọ̀gágun ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé òfin ìpìlẹ̀ ni yóò ṣáájú kí a tó gbé ìjọba sílẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fẹnu sọ nígbà tí ọjà ti fẹ́ tú, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí a kọ sínú òfin. Òfin ìdìbò tí SLORC fúnra rẹ̀ ṣe ní 1989 wà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé àwọn aṣojú tí a bá yàn lábẹ́ òfin yìí ni a ó fi dá Hluttaw sílẹ̀. Kò sọ pé ìgbìmọ̀ akọ̀wé òfin ìpìlẹ̀. Hluttaw ni ó sọ, Hluttaw tí gbogbo ará ìlú mọ̀, tí ń ṣòfin, tí ń yan ìjọba. Ẹyin ni ohùn, a sì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí ó bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohùn lásán, inú ìwé òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní ọjọ́ kejì ìkéde náà, àwọn aṣojú NLD péjọ ní gbọ̀ngàn kan ní Rangoon tí wọ́n fi orúkọ Gandhi pè. Kyi Maung ni ó ń darí wọn, nítorí àwọn aṣáájú ṣì wà ní àhámọ́. Kọ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni òun náà, ó ti bá Ne Win ṣiṣẹ́ kí Ne Win tó lé e. Wọ́n jókòó fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní kí a pe Pyithu Hluttaw jókòó nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nítorí àwọn tí ó ní kò sí òfin tí ìjọba tuntun yóò dúró lé, wọ́n mú òfin ìpìlẹ̀ ti 1947 jáde, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní kí a fi ṣe àtẹ̀gùn títí a ó fi kọ òmíràn. Èsì yìí péye. Oṣù kẹsàn-án dé, Kyi Maung ni ó wọ ẹ̀wọ̀n.

Kí n tó kúrò ní ọdún 1990, ó yẹ kí n sọ ti àwọn mọ́ńkì, nítorí n kò mọ ilẹ̀ mìíràn tí a ti fi irú ìbínú bẹ́ẹ̀ han ológun. Ní Bọ́mà, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ń jáde pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Kò ń tọrọ bí alágbe ṣe ń tọrọ. Òun ni ó ń ṣe ẹni tí ó fún un lóore, nítorí oúnjẹ tí a bá fi sínú abọ́ rẹ̀ ni ẹni tí ó fi í síbẹ̀ yóò fi rí èrè ní ayé yìí àti ní àtúnwá. Sójà ń fún mọ́ńkì lóúnjẹ. Ìyàwó ọ̀gágun ń kọ́ ilé ìsìn. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kú láìní nǹkan nínú àkọsílẹ̀ ọ̀run. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1990, tí ó pé ọdún méjì tí wọ́n ti pa àwọn ènìyàn ní Rangoon, àwọn mọ́ńkì jáde ní Mandalay láti gba oúnjẹ ní ìrántí òkú. Sójà yìnbọn sí àárín wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn mọ́ńkì Mandalay ti dojú abọ́ wọn dé fún sójà àti ìdílé sójà. Wọn kò gba oúnjẹ wọn mọ́, wọn kò bá wọn sìnkú, wọn kò bá wọn ṣe ìnáwó. Ìdájọ́ tí ó wà nínú ẹ̀sìn wọn láti ayébáyé ni, kò sì ní ìbọn nínú. Ó ká ìjọba lára ju ìwé àwọn aṣojú lọ. Ní oṣù kẹwàá, sójà wọ ilé àwọn mọ́ńkì, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Àwọn aṣojú kan sá lọ sí ẹ̀bá ààlà Táílándì, wọ́n dá ìjọba sílẹ̀ nínú igbó ní oṣù kejìlá ọdún 1990. Àwọn mìíràn kú sínú àhámọ́. Àwọn kan fọwọ́ síwèé pé àwọn kò ṣe mọ́, n kò sì rí ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, ìjọba pe àpérò kan láti kọ òfin ìpìlẹ̀. Àwọn tí ará ìlú dìbò yàn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí ó wà níbẹ̀, ìjọba ni ó yan àwọn yókù. NLD kúrò níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1995. Wọ́n ti ṣe é tán kí wọ́n tó pè wọ́n sí i.

Ọdún 1993 yìí kan náà ni tiwa bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé kò nílò kí n tún sọ bí wọ́n ṣe fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà tí M. K. O. Abíọ́lá ń ṣíwájú nínú rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí a dìbò yàn ní 1992 wà ní Àbújá nígbà náà, ó sì ti ń jókòó, títí Sani Abacha fi tú u ká ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1993. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 1994, àwọn sẹ́nétọ̀ kan tí Ameh Ebute ṣe olórí wọn tún péjọ, wọ́n ní ìgbìmọ̀ kò tú, wọ́n ní kí Abacha gbé ìjọba fún ẹni tí a yàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó wọn. Bí a bá fi wọ́n wé àwọn ará Bọ́mà, a ó rí ìyàtọ̀ kan tí ó jẹ mí lógún. Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà ti jókòó rí. Ó ní olórí, ó ní ọ̀pá àṣẹ, ó ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó ti sọ. Ẹni tí ó bá ní òun ni sẹ́nétọ̀ lè tọ́ka sí àga rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Bọ́mà kò ní nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Nọ́ńbà ni ó ní, 392 àti 485, àti ìwé ìròyìn ìjọba tí ó tẹ̀ wọ́n jáde. Wọn kò búra rí. Wọn kò tilẹ̀ tíì wà nínú yàrá kan náà pọ̀. Lójú òfin, ṣé aṣòfin ni wọ́n, tàbí ẹni tí ó lè di aṣòfin? Ìdí nìyí tí wọn kò fi sọ pé ẹ gbé ìjọba fún wa. Ẹ pè wá jókòó ni wọ́n ń sọ, nítorí bí wọ́n bá jókòó ní ọjọ́ kan péré, gbogbo ohun yókù yóò tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀gágun mọ èyí bí wọ́n ṣe mọ ọwọ́ ara wọn. Agogo tí a fi ń pe ìgbìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dì í mú kí ahọ́n rẹ̀ má baà kan ara rẹ̀.

Ní ọdún 1998, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Ọdún náà ni Abacha kú ní oṣù kẹfà, tí Abíọ́lá sì kú ní àhámọ́ ní oṣù keje. Ní Bọ́mà, NLD dá ọjọ́ fún ìjọba nínú oṣù kẹfà yìí kan náà: kí Hluttaw ti jókòó ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò pè é fúnra wọn. Aung San Suu Kyi, tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ní 1995, gbìyànjú láti lọ kí àwọn aṣojú ní ìgbèríko. Sójà dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lórí afárá. Ó lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ọkọ̀ náà ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, ó tún jáde, ó lo ọjọ́ mẹ́tàlá. Ìjọba kó àwọn aṣojú NLD káàkiri ilẹ̀ náà lọ sí ibi tí ó ń pè ní ilé àlejò. Wọ́n ní àlejò ìjọba ni wọ́n, a kò mú wọn. Àlejò tí kò lè lọ sílé!

Nítorí náà wọn kò lè péjọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, ènìyàn mẹ́wàá péré ni ó jókòó ní orúkọ gbogbo wọn. Àwọn aṣojú 251 ni ó fi àṣẹ wọn sí wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti inú àhámọ́. Wọ́n pe àjọ náà ní Ìgbìmọ̀ Aṣojú fún Hluttaw Ará Ìlú, wọ́n sì kéde pé òfin tí SLORC ti ṣe láti 1988 kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àyàfi bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìjọba dá a lóhùn bí ó ti mọ̀. Ó kó àwọn ènìyàn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri ìlú, wọ́n ní kí wọ́n pariwo pé àwọn kò fẹ́ aṣojú àwọn mọ́, ìwé ìròyìn ìjọba sì ń tẹ orúkọ àwọn tí ó fi NLD sílẹ̀ jáde lójoojúmọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé ìròyìn náà yóò rò pé kò sí ẹni tí ó dìbò fún wọn rí.

Bí ó ti parí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ìjì Nargis pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ní ẹnu odò Irrawaddy, ìjọba ní kí àwọn tí ó kù wá dìbò lórí òfin ìpìlẹ̀ tí ó fún ológun ní ìdá kan nínú mẹ́rin àga gbogbo ìgbìmọ̀, láìdìbò. Wọ́n ní ìdá méjìléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, òfin ìdìbò tuntun kéde pé èsì 1990 ti di òfo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 392 ti kú nígbà náà.

Ìgbìmọ̀ kan jókòó nígbẹ̀yìn. NLD wọlé ní ìbò 2015, àwọn aṣojú rẹ̀ sì wọ ilé ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2016, lábẹ́ òfin àwọn sójà, pẹ̀lú àwọn sójà tí ó jókòó sí ìdá kan nínú mẹ́rin àga. N kò lè sọ pé ọwọ́ wọn mọ́ nínú ohun gbogbo. Ní ọdún 2017, sójà lé ju 700,000 àwọn Mùsùlùmí Rohingya jáde kúrò ní Arakan, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ti jà, lọ sí Bangladesh. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Aung San Suu Kyi fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, ó gbèjà ilẹ̀ náà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó pẹ́ kí ó tó jókòó, tí ó wá jókòó, kò fi ohùn rẹ̀ gbèjà àwọn tí kò ní ohùn. Àwọn Rohingya ti ní àwọn aṣojú tiwọn nínú àwọn tí ó wọlé ní 1990. Ní 2015 wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

NLD tún wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìbò rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ tuntun yóò jókòó. Àwọn aṣojú ti dé Naypyidaw láti ìgbèríko, wọ́n wọ̀ sí ilé àlejò ìjọba, aṣọ tí wọ́n máa fi búra ti wà nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ọ̀gágun Min Aung Hlaing gba ìjọba, ó mú Aung San Suu Kyi àti ààrẹ, sójà sì yí ilé àlejò náà ká. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò dúró ní ọdún mẹ́jọ bí àwọn ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, nǹkan bí àádọ́rin nínú wọn péjọ nínú àgbàlá ilé àlejò, kò sí olórí ilé, kò sí ọ̀pá àṣẹ, wọ́n ka ìbúra náà fúnra wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kejì wọ́n yan àjọ kan láti dúró fún ìgbìmọ̀ náà, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn ènìyàn mẹ́wàá nì ti lò ní 1998. Sójà sì ní kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí olúkúlùkù padà sí ìlú rẹ̀.